Ilẹ̀ Èkó: Ohun tí Ọba Gẹ̀ẹ́sì Kò Rí Gbà

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ó yẹ kí ó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé Òyìnbó ni ó dá Èkó sílẹ̀, àti pé láti ìgbà náà ni ilẹ̀ rẹ̀ ti di ti ìjọba. Irọ́ méjì ni wọ́n so pọ̀ yìí, bí a bá sì dákẹ́, àwọn ọmọ wa yóò gbà á ní òtítọ́.

Ní oṣù December 1851 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yin àgbá sí ìlú wa, tí wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́, tí wọ́n sì dá Ọba Akítóyè padà sórí ìtẹ́. Wọ́n ní nítorí òwò ẹrú ni. Ọdún mẹ́wàá kò ì pé tán nígbà tí Ọba Dòsùnmú, ọmọ Akítóyè, fi ọwọ́ sí ìwé tí ó fi Èkó lé Ọbabìnrin Victoria lọ́wọ́, ní ọjọ́ kẹfà oṣù August 1861, níwájú ìbọn ọkọ̀ ogun Prometheus. Ẹgbẹ̀fà àpò owó ẹyọ lọ́dọọdún ni wọ́n fi rọ́pò owó bodè rẹ̀. Ìṣàkóso ni Ọba fi sílẹ̀. Ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ tí ìbá fi ta á lọ́rẹ, nítorí àwọn Ìdéjọ, ìran Olófin ti Ìddó, ni ó ni ín pẹ̀lú àwọn ẹbí wọn.

Ní ọdún 1913, ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Àpápá. Olóyè Amodu Tijani, tí í ṣe Olúwa, bèèrè owó ilẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ wí fún un pé alábòójútó lásán ni òun, kì í ṣe onílẹ̀. Olóyè náà kò gbà. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí London ní 1920, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní July 1921, Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ dá a láre pé ìwé 1861 kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín, àti pé kí ìjọba san gbogbo iye rẹ̀. Ọba Èṣùgbàyí, tí ọ̀pá àṣẹ rẹ̀ bá wọn lọ sí London, jìyà púpọ̀ lẹ́yìn náà: ìjọba yọ ọ́ lóyè ní 1925, wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́, 1931 ni ó tó padà wálé.

Láti ìgbà náà, Èkó ti pààrọ̀ aṣọ lẹ́ẹ̀mélòó kan. Ní 1954 ó di ìlú tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣàkóso. Ní ọjọ́ 27 oṣù May 1967, a dà á pọ̀ mọ́ Ìkẹjà, Àgbádárìgì, Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ó sì di Ìpínlẹ̀. Ní December 1991 olú-ìlú kó lọ sí Abuja. Ṣùgbọ́n ìyípadà tí ó burú jù dé ní ọjọ́ 29 oṣù March 1978, nígbà tí ìjọba ológun ṣe Òfin Ìlò Ilẹ̀. Òfin yìí fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Bí ó bá gba ilẹ̀, owó ilé àti ti irè oko ni yóò san. Kò ka iye ilẹ̀ fúnra rẹ̀ sí. Ohun tí Ọba Gẹ̀ẹ́sì kò rí gbà pẹ̀lú ọkọ̀ ogun, àwọn ọmọ wa fi kálàmù gbà á ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Àwọn kan yóò wí pé ìjọba kò lè ṣe títì àti ilé ìwòsàn láìsí ilẹ̀, àti pé àwọn ọmọ onílẹ̀ ti sọ títa ilẹ̀ kan fún ẹni mẹ́ta di òwò. Òtítọ́ ni, ó sì ń tì wá lójú, nítorí láti ilé àwọn kan nínú wa ni ìwà náà ti ń jáde. Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Alágbàtọ́ ni òfin náà pe gómìnà. Ẹ jẹ́ kí a wo bí alágbàtọ́ ti tọ́jú ohun tí a fi sí i lọ́wọ́. Ní July 1990 wọ́n wó Maroko, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn di aláìnílé, lónìí ilé àwọn ọlọ́lá ni ó wà níbẹ̀. Láti November 2016 títí dé April 2017, wọ́n lé àwọn apẹja Ègùn kúrò ní Otodo Gbame létí ọ̀sà, bí ẹjọ́ tilẹ̀ wà nílé ẹjọ́. Ní June 2017 Ilé Ẹjọ́ Gíga Èkó sọ pé ohun tí wọ́n ṣe lòdì sí òfin. Ìdájọ́ wà, ilé kò sí.

Nítorí náà, a ń bèèrè pé kí a tún Òfin 1978 ṣe, kí onílẹ̀ máa gba iye ilẹ̀ rẹ̀, kí a má sì ṣe wó ilé ẹnikẹ́ni kí a tó fi ibòmíràn hàn án. A mọ̀ pé a ti so òfin náà mọ́ òfin ìpilẹ̀ 1999, tí títú rẹ̀ kò sì rọrùn. Ẹjọ́ Olúwa pẹ̀lú kò rọrùn. A sì bẹ ẹ̀yin Olóyè pé kí ẹ kọ́kọ́ dá ọmọ ilé yín lẹ́kun títa ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ọ̀rọ̀ wa lè wúwo níwájú àwọn aṣòfin. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.