Ẹ Yé Fi Agbára Ráútà Tan Ara Yín Jẹ

Láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, ó ti di ohun tí tọmọdé tàgbà gbà gbọ́: bí ìpè WhatsApp bá ń já nígbà tí èèyàn ń ti iwájú ilé lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ráútà ni kò lágbára tó. Ẹ ra èyí tó ní áńtẹ́nà mẹ́jọ. Ẹ gbé agbára rẹ̀ dé òpin. Bí kò bá tíì gbọ́, ẹ tún ra òmíràn kún un.

Irọ́ ni, irọ́ tó ń jẹ owó sì ni.

Ọ̀rọ̀ náà kan Òkè-Ògùn gidigidi. Láti oṣù kìíní ọdún 2023 tí Starlink ti wọ Nàìjíríà, ìlú tí wáyà fáíbà kò dé náà lè rí íntánẹ́ẹ̀tì tó já fáfá gbà láti ojú ọ̀run. Ṣùgbọ́n kí ó wọ ìlú lọ́tọ̀, kí ó kárí ilé lọ́tọ̀. Ògiri alámọ̀ tó nípọn máa ń fa ìgbì rédíò mu, páànù sì máa ń dá a padà. Ìdí nìyí tí hòtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé ẹ̀kọ́ fi ń gbé ráútà kan síwájú, tí wọ́n á tún gbé òmíràn sẹ́yìn. Ẹni tó bá ń rìn kọjá láàárín wọn, fóònù rẹ̀ ní láti fi ọ̀kan sílẹ̀ kí ó tó di èkejì mú.

Ta ló ń pinnu ìgbà tí yóò fi í sílẹ̀? Ọ̀pọ̀ èèyàn, títí kan àwọn tó ń fi iṣẹ́ náà jẹun, rò pé ráútà ni. Rárá o. Láti ìgbà tí ìlànà 802.11, tí Wi-Fi ń tẹ̀ lé, ti jáde ní 1997, ọwọ́ fóònù ni ìpinnu yẹn wà. Apple tilẹ̀ kọ ti iPhone síta: kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í wá ráútà mìíràn àfi bí síginà èyí tó wà lórí rẹ̀ bá rẹlẹ̀ ju -70 dBm lọ (dBm ni wọ́n fi ń wọn agbára síginà). Bí ó bá sì ń fi dátà ránṣẹ́ lọ́wọ́, tuntun gbọ́dọ̀ fi 8 dB ju ti àtijọ́ lọ kí ó tó gbà láti ṣí lọ. Wàyí o, ẹ gbé agbára ráútà iwájú ilé dé òpin. Síginà rẹ̀ á dé ẹ̀yìnkùlé ní -68 dBm, tí kò tíì rẹlẹ̀ tó -70. Fóònù ò ní wá ibì kan lọ, bí ráútà kejì tilẹ̀ wà lókè orí rẹ̀.

Síginà kún fọ́fọ́, ìpè ṣì ń já. Ẹni tó gbé gbohùngbohùn gun òkè Asabari, gbogbo Ṣakí ni yóò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n òun ò ní gbọ́ ìyá arúgbó tó ń dá a lóhùn nísàlẹ̀. Agbára fóònù kéré; ariwo ráútà kò sì fi kún un.

Ní ti ìdádúró tó ń wáyé nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ti ráútà kan bọ́ sí òmíràn, Arunesh Mishra, Minho Shin àti William Arbaugh ti Yunifásítì Maryland wọ̀n ọ́n ní 2003. Wíwá ráútà tuntun nìkan ló jẹ ohun tó lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò náà. Ẹ̀rọ ní láti máa ti ìkànnì kan bọ́ sí òmíràn, kí ó máa ké, kí ó máa dẹtí. Bí ó bá jẹ́ pé ńṣe ló kàn ń dẹtí, yóò pẹ́, torí ráútà kì í sábà dárúkọ ara rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín mílísẹ́kọ́ńdì 102. Bẹ́ẹ̀, ITU, àjọ ìbánisọ̀rọ̀ àgbáyé, dámọ̀ràn pé kí ohùn má pẹ́ ju mílísẹ́kọ́ńdì 150 lọ lójú ọ̀nà. Áńtẹ́nà mẹ́jọ kò dín ìwákiri yìí kù rárá.

Ohun tó ń dín in kù ni 802.11k, tó jáde ní 2008: ráútà á fún fóònù ní orúkọ àwọn aládùúgbò rẹ̀, kí ó má baà wá gbogbo ìkànnì kiri. 802.11r, tó jáde lọ́dún kan náà, ń mú kí ètò ààbò yá; ó wúlò jù níbi tí oníkálùkù ti ní páásíwọ̀ọ̀dù tirẹ̀. 802.11v ti 2011 jẹ́ kí ráútà lè gba fóònù nímọ̀ràn láti kúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fóònù lè kọ̀.

Àṣìṣe kan tilẹ̀ wà tó burú ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ: ráútà méjì láti ọjà, tí oníkálùkù ń pín àdírẹ́sì tirẹ̀. Bí fóònù bá ti dé ọ̀dọ̀ èkejì, àdírẹ́sì rẹ̀ yí padà, ìpè tó dúró lórí ti àtijọ́ sì já. Kí ráútà kan ṣoṣo máa pín àdírẹ́sì. Kí wọ́n yí èkejì sí access point, tí yóò kàn máa tan Wi-Fi láìpín àdírẹ́sì, kí wáyà so wọ́n pọ̀, kí orúkọ àti páásíwọ̀ọ̀dù wọn jẹ́ ọ̀kan náà. Kí wọ́n dín agbára ìgbì 2.4 GHz kù, kí ọ̀kan wà lórí ìkànnì 1, kí èkejì wà lórí 6 tàbí 11. Òótọ́ ni pé ibi tí síginà kò dé rárá nílò ráútà sí i. Ibẹ̀ nìkan ni.

Ẹ̀yin onílé ìtura Ìsẹ́yìn àti ẹ̀yin aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ Ṣakí, kí ẹ tó san àṣẹ́kù owó fún oníṣẹ́ Wi-Fi, ẹ ní kí ó pe èèyàn lórí WhatsApp, kí ó máa sọ̀rọ̀ bọ̀ láti ẹnu géètì títí dé yàrá tó gbẹ̀yìn. Bí ìpè bá já, ẹ di owó yín mú.