Ìkòkò Ata Kan, Ọbẹ̀ Púpọ̀

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́sẹ̀ yìí dà bí ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó ilé ni.

Obìnrin tí ó mọ ilé í tọ́jú kì í lọ ata lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Yóò lọ ata, tòmátì àti àlùbọ́sà lẹ́ẹ̀kan, yóò sè é títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ, yóò sì gbé e pamọ́. Nínú ìkòkò kan náà ni yóò ti máa bù fún ẹ̀gúsí, fún ọbẹ̀ ẹja, àti fún ìrẹsì àwọn ọmọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn tí ń ṣe ètò inú ẹ̀rọ, tí à ń pè ní sọ́fítíwià, ti ń ṣe. Wọn a fi ara balẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀ kan, wọn a sì mú oríṣiríṣi jáde lára rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé David Parnas kọ̀wé lórí rẹ̀ ní ọdún 1976, ó sì pe irú àwọn ètò bẹ́ẹ̀ ní ẹbí.

Àwọn ará Ọ̀jọ́ ti rí irú rẹ̀ kí fóònù alágbèéká tó dé. Ní ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ níbẹ̀, ní ojú ọ̀nà Àgbádárìgì. Beetle tí a ń pè ní ìjàpá ti ibẹ̀ jáde, Igala náà sì ti ibẹ̀ jáde. Ara wọn kò jọra, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì àwọn méjèèjì wà, afẹ́fẹ́ ni ó sì ń tù wọ́n. Mẹkáníìkì tí ó mọ ọ̀kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ èkejì.

Ní ọjà Àlàbá lónìí, ní Ọ̀jọ́ kan náà, ẹ ó rí TECNO, itel àti Infinix. Orúkọ mẹ́ta ni, ṣùgbọ́n Transsion ti ilẹ̀ Ṣáínà ni ó ni gbogbo wọn. Android tí Google ń ṣe ni ìpìlẹ̀ àwọn fóònù olójú gbọọrọ wọn, Samsung náà sì ń lò ó.

Ta ni ó ń jèrè? Ẹni tí ó ṣe é náwó gan-an níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n fóònù kejì àti ẹ̀kẹta kò ní gba àkókò tó ti àkọ́kọ́. Nítorí náà ó lè ṣe ti olówó, kí ó sì ṣe ti ẹni tí owó rẹ̀ kò tó. Akẹ́kọ̀ọ́ LASU tí ń gbé ní Ìbà lè kọ ètò kan ṣoṣo, kí ó sì ṣiṣẹ́ lórí fóònù gbogbo wọn. Ẹni tí ń tún fóònù ṣe ní Okokomaiko kò ní máa kọ́ iṣẹ́ tuntun lójoojúmọ́. Ìyá tí ó pààrọ̀ fóònù kò sì ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n bí iyọ̀ bá pọ̀ jù nínú ata, gbogbo ọbẹ̀ ni yóò níyọ̀. Ní ọdún 2015 ni a rí àléébù kan nínú Android, tí a pè ní Stagefright. Olè lè fi iṣẹ́ tí a fi ránṣẹ́ lásán wọ inú fóònù ẹlòmíràn. Àwọn tí ó rí i ṣírò pé fóònù tí ó lè kàn tó mílíọ̀nù 950. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni Google bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àtúnṣe ààbò jáde lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n àtúnṣe náà ní láti gba ọwọ́ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe fóònù kí ó tó dé ọwọ́ yín, bí fóònù bá sì ti pẹ́, kì í dé mọ́. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó, tí ó ra tòkunbọ̀, ni ìyà rẹ̀ ń jẹ jù. Bẹ́ẹ̀ ni inú fóònù yìí ni owó àjọ àti owó báǹkì wà báyìí.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ẹni tí ń tà á: ọdún mélòó ni àtúnṣe yóò fi máa wọlé? Ẹ ní kí ó ṣí ibi ètò fóònù náà, kí ẹ wo ọjọ́ tí àtúnṣe ààbò wọlé kẹ́yìn. Bí ó bá ti pẹ́ ju ọdún méjì lọ, ẹ má ṣe fi báǹkì sí i. Ẹ jẹ́ kí ó wà fún ìpè àti àwòrán. Bí àtúnṣe bá sì dé, ẹ gbà á lọ́jọ́ náà. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín náà bẹ́ẹ̀.