Òtẹ́ẹ̀lì Tí Àlejò Kò Lè Sùn Sí

Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí n kò ti kọ ohunkóhun, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni ó gbà mí lọ́wọ́. Ilẹ̀ ẹbí wa kan wà ní Papalanto, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tí ó lọ sí Ìlaròó. Ẹnìkan ti na owó sí wa pé kí a tà á fún òun. Àwọn kan nínú ẹbí ní kí a tà á kí a pín owó rẹ̀, àwọn kan ní kí a fi kọ́ ilé ìtura. Níbi tí a ti ń fa ọ̀rọ̀ náà lọ tí a ń fà á bọ̀ ni ọmọ àbúrò mi obìnrin, tí ó ń gbé lọ́dọ̀ mi, gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ wá sí iwájú mi, ó ní òun ti kọ́ òtẹ́ẹ̀lì náà tán.

Eré ni ó fi kọ́ ọ. Orúkọ eré náà ni RollerCoaster Tycoon 2, èyí tí ó jáde ní 2002. Àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1999. Ará Scotland kan tí ń jẹ́ Chris Sawyer ni ó ṣe é. Wọn á fún ènìyàn ní ilẹ̀ àti owó, òun ni yóò sì sọ ilẹ̀ náà di ọgbà ìgbafẹ́: yóò la ọ̀nà, yóò gbin igi, yóò to irin fún àwọn ọkọ̀ eré tí ń gun òkè tí ń já wálẹ̀ ṣòòròṣò, yóò gba agbálẹ̀ àti àwọn tí ń tún ẹ̀rọ ṣe sí iṣẹ́. Bí ó bá ṣe é dáadáa, èrò á rọ́ wọlé. Bí ó bá ṣe é ṣákálá, gbèsè á bò ó mọ́lẹ̀. Láti 2014 ni àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ti ń tún eré yìí ṣe lábẹ́ orúkọ OpenRCT2, kí ó lè máa ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà òde òní àti lórí fóònù pàápàá. Èyí ni ọmọ wa ń lò.

Mo jẹ́wọ́ pé ìwà ọ̀lẹ ni mo ti ń pè é tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ojú rẹ̀, ilẹ̀ wa ni mo rí. Ó fi ojú irin sí apá kan, ó fi títì sí apá kejì, ọgbà ìgbafẹ́ wà láàárín. Ní ẹ̀yìn ọgbà náà ni ó wá fi àfikún sí: òtẹ́ẹ̀lì alájà mẹ́rin, adágún omi, ọkọ̀ ojú omi kéékèèké, òdòdó lọ́tùn-ún lósì. Mo ní, “Àwọn wo ni yóò máa sùn níbẹ̀?” Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bọ̀dá, kò sí ẹni tí ó lè sùn níbẹ̀. Eré yìí kò ní òtẹ́ẹ̀lì nínú. Ògiri, fèrèsé àti òrùlé ni mo tò pọ̀ tí ó fi jọ òtẹ́ẹ̀lì.”

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Ilé ńlá, fèrèsé mérìíríì, kò sí ibùsùn kan ṣoṣo níbẹ̀. Àwọn èrò ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń rẹ̀ wọ́n, orí bẹ́ǹṣì ìta ni wọ́n ti ń sinmi.

Ìrísí ilé náà pàápàá bí mi nínú. Ilé ìṣọ́ bíi ti ààfin ọba òyìnbó ayé àtijọ́ ni ó fi sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀. N kò dá a lẹ́bi púpọ̀, ohun tí ó bá nínú àpò ni ó ná. Ní 2003, àwọn tí ó ni eré náà gbé àfikún kan jáde tí wọ́n pè ní Wacky Worlds, tí wọ́n fi kó gbogbo àgbáyé wọ inú eré. Áfíríkà náà wà níbẹ̀. Ẹ mọ ohun tí wọ́n pè ní Áfíríkà? Ibi tí wọ́n ti ń wa dáyámọ́ńdì, ibi tí omi wà láàárín aṣálẹ̀, àti ọ̀sọọ̀rọ̀ omi Victoria. N kò rí agbo ilé Yorùbá kan níbẹ̀, n kò rí ọ̀dẹ̀dẹ̀, n kò rí àgbàlá tí òjò ń rọ̀ sí tí ìkòkò ń gbe omi rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé kékeré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn tí ń wọ inú ọgbà náà. Nọ́ńbà ni orúkọ wọn. Ẹni tí ó kọ́kọ́ wọlé ni àlejò 1, ẹni tí ó tẹ̀lé e ni àlejò 2, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lọ títí. Bí ènìyàn bá tẹ ọ̀kan nínú wọn, yóò rí ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀: ebi ń pa á, òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́, ó rẹ̀ ẹ́, ó ń wá ilé ìyàgbẹ́, ó fẹ́ máa lọ sílé. Eléyìí wú mi lórí gan-an. Mélòó nínú àwọn onílé ìtura wa ni ó mọ ohun tí ó wà lọ́kàn ẹni tí ó sùn sí yàrá kejìlá?

Ohun tí ọmọ náà ń fi ìmọ̀ yìí ṣe ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, gbogbo èrò á máa wá agbòjò, wọn á sì rà á ní iyekíye. Nítorí náà, bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, ọmọ wa á ti gbé owó agbòjò sókè. Ó fi owó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́. Ó tún fi ohun kan hàn mí tí ó ní gbogbo àwọn tí ń ta eré náà mọ̀: bí ènìyàn bá fi àmì “ẹ má wọ ibí” sí ọ̀nà ìjáde, àwọn èrò kò ní lè kọjá, inú ọgbà ni wọn yóò máa yí ká títí owó ọwọ́ wọn á fi tán. Mo ní ẹ̀wọ̀n ni ìyẹn. Ó ní, “Ọgbọ́n ni, Bọ̀dá.”

Ibí ni mo ti mú ọ̀rọ̀ èdè wọlé, ẹ sì mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa ń ṣe. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ni wọ́n ń túmọ̀ OpenRCT2 sí oríṣiríṣi èdè. Bí àwa náà bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, kí ni a ó pe àwọn ènìyàn inú rẹ̀? Ọ̀rọ̀ tí àwọn òyìnbó lò dúró fún àlejò, ìdí nìyẹn tí mo fi pè wọ́n bẹ́ẹ̀ lókè. Ọmọ náà kò gbà. Ó ní, “Oníbàárà ni wọ́n. Ẹ má jẹ́ kí á purọ́.”

Mo rò ó títí. Mo rí i pé ọmọ náà jàre mi. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ilé Yorùbá, àlejò kì í dé kí a kọ́kọ́ bi í pé èló ni ó mú wá. Omi ni a ń kọ́kọ́ gbé fún un. Lẹ́yìn omi, obì. Lẹ́yìn obì, oúnjẹ. Bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, ẹní á ti wà nílẹ̀ kí a tó bi í pé kí ni ó gbé e wá. A ó bi í ní orúkọ rẹ̀, a ó bi í ní ilé baba rẹ̀, bóyá a tilẹ̀ lè rí okùn ìbátan níbẹ̀. Ẹni tí a kò gbé omi fún, tí a ta agbòjò fún ní ìlọ́po méjì nígbà tí òjò ń pa á, kì í ṣe àlejò wa, bí a tilẹ̀ kọ “Ẹ káàbọ̀” gàdàgbà sí ẹnu géètì.

Àwa Ẹ̀gbá ni ó yẹ kí ó mọ èyí jù. Ibi ààbò ni Abẹ́òkúta ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ogun tú àwọn baba wa ká ní igbó Ẹ̀gbá, tí Ṣódẹkẹ́ kó wọn wá ní 1830, abẹ́ àpáta Olúmọ ni wọ́n sá sí. Àpáta yẹn ni ó gba àlejò ṣáájú ẹnikẹ́ni ní ìlú náà, kò sì gba kọ́bọ̀. Ní 1976 ni ìjọba sọ ọ́ di ibi ìgbafẹ́, ní 2006 wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn gòkè sí i. Mo gbọ́ nígbà náà tí àwọn kan ń ráhùn pé ẹ̀rọ náà ba ẹwà àpáta jẹ́. Èmi kò bá wọn ráhùn. Ẹni tí ó ro ti ẹ̀rọ yẹn ro ti orúnkún arúgbó, mo sì ka ìyẹn sí ìtọ́jú àlejò.

Àpẹẹrẹ kejì wà ní Abẹ́òkúta kan náà: ilé ìkàwé Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 2005, tí wọ́n sì ṣí ní oṣù kẹta ọdún 2017. Ilé ìkàwé ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n òtẹ́ẹ̀lì wà nínú rẹ̀, ọgbà ẹranko wà níbẹ̀, ibi ìṣeré wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí ènìyàn bá rò nípa ẹni tí ó ni ín, ètò rẹ̀ yé mi. Àwọn ènìyàn wá wo nǹkan, ilẹ̀ ṣú bá wọn, wọ́n sùn. Òtẹ́ẹ̀lì tẹ̀lé ohun tí ó mú wọn wá.

Kí ni ó ń mú ènìyàn wá sí Papalanto? Kò sí àpáta Olúmọ níbí. Oríta ni ìlú wa, níbi tí ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta ti pàdé ọ̀nà Ìlaròó. Ọkọ̀ ojú irin tuntun tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà ọdún 2021, tí ó lọ láti Èkó dé Ìbàdàn, ní ibùdókọ̀ níbí. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti wà ní Ewékorò nítòsí wa láti 1960. Nítorí sìmẹ́ńtì yìí, àwọn ọkọ̀ àjàgbé kì í wọ́n lójú ọ̀nà wa. Bí ẹ bá kọjá ní òru, ẹ ó rí àwọn awakọ̀ wọn. Abẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n ń tẹ́ ẹní sí, àwọn mìíràn ń so aṣọ mọ́ ìdí ọkọ̀ kí wọ́n lè sùn nínú rẹ̀ bí ọmọ inú ọ̀já. Ẹ̀fọn ń jẹ wọ́n. Nínú ike epo ni omi tí wọ́n fi ń wẹ̀ wà.

Àlejò wa nìyẹn. Wọ́n ti dé kí a tó dá a lábàá láti kọ́ òtẹ́ẹ̀lì, ọmọ wa kò sì ya ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn sí inú àwòrán rẹ̀. Bí mo ṣe sọ èyí, ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí n sọ bí èmi ṣe fẹ́ kí ilé náà rí.

Mo ní kí ó wó ilé ìṣọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Agbo ilé ni kí ó fi ṣe ìpìlẹ̀: àgbàlá kan láàárín, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí i ká, àwọn yàrá kọjú sí ara wọn. Nígbà tí ìdílé bá ń pọ̀ sí i, a kì í kọ́ ilé tí yóò bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀. Ojúlé kan ni a ń fi kún un, àgbàlá kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Bí mo ṣe rò pé ó yẹ kí òtẹ́ẹ̀lì máa fẹ̀ sí i nìyẹn. Ní ẹnu géètì, kí igi ńlá wà tí ọkọ̀ àjàgbé lè dúró sí abẹ́ rẹ̀, kí omi ẹ̀rọ wà, kí balùwẹ̀ àti ilé ìyàgbẹ́ wà tí ẹnikẹ́ni lè lò. Lẹ́yìn ìyẹn ni gbọ̀ngàn ibùsùn olówó pọ́ọ́kú, tí ó ní àwọ̀n ẹ̀fọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn yàrá tí ó dákẹ́, fún àwọn tí ó wọ ọkọ̀ ojú irin wá láti Èkó láti gba afẹ́fẹ́ ní ọjọ́ Sátidé. Adágún omi ni kí ó kẹ́yìn.

Ọmọ náà ṣe é. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi ṣe é. Ó yọ àmì tí ó dí ọ̀nà ìjáde, ó sọ ilé ìyàgbẹ́ di ọ̀fẹ́, ó dá owó agbòjò padà sí ipò rẹ̀. Inú àwọn èrò dùn, a rí i kedere. Ṣùgbọ́n ní ìparí ọdún, owó tí ó wọlé kéré sí ti tẹ́lẹ̀. (Ọdún inú eré yẹn kò ju oṣù mẹ́jọ lọ, láti oṣù kẹta sí oṣù kẹwàá. Kò sí ọyẹ́ nínú ayé wọn.) Ó wò mí, ó ní, “Bọ̀dá, ta ni yóò san owó àwọn agbálẹ̀?”

N kò ní èsì kan tí ó mọ́ kedere. Mo sọ fún un pé àwọn yàrá ẹ̀yìn ni yóò máa gbé ti iwájú, bí ọmọ tí ó rí já jẹ ṣe ń gbé àwọn yòókù nínú agbo ilé. Ó ní òun yóò dán an wò bóyá ìṣirò náà á bọ́ sí i. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú eré náà nìyẹn: asán ni ènìyàn ń pàdánù bí ó bá ṣìṣe. Nínú ayé tiwa, búlọ́ọ̀kù tí a bá ti tò ti di tò nìyẹn, gbèsè rẹ̀ sì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ọjọ́ Sátidé tí ń bọ̀ ni ẹbí yóò jókòó. Mo ti sọ fún ọmọ náà pé kí ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá, kí àwọn àgbà fi ojú ara wọn rí agbo ilé náà kí wọ́n tó sọ pé kí a tà. Lánàá ni ó tún wá fi ohun kan hàn mí: ibi kan wà nínú eré náà tí ènìyàn lè tẹ̀ kí àwọn èrò náà máa jẹ́ orúkọ ènìyàn dípò nọ́ńbà. Orúkọ òyìnbó ni gbogbo wọn, nítorí náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí wọn padà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ti dé orí èèyàn ọgọ́rin.

Ẹ̀yin náà ẹ bá mi ṣe ohun kan. Èmi kò fẹ́ràn “ibùdó ìgbafẹ́” tí a ń lò, ó dàbí ọ̀rọ̀ ìjọba létí mi, “ilé ìtura” kò sì ju òtẹ́ẹ̀lì lásán lọ. Bí ẹ bá mọ ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà àdúgbò yín ń lò fún ibi tí àlejò ti ń sinmi tí ó sì ti ń ṣe fàájì, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi kí ó tó di Sátidé. A ó nílò orúkọ láti kọ sí ara géètì.