Awakọ̀ Nìkan Kò Tó

Ẹ̀yin ọba, ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin ará Tchaourou, ẹ gbọ́ o. Ojú irin Kùtọnù sí Parakou, kìlómítà 438, tó gba ìlú wa kọjá, ní ìtàn. Ní oṣù kẹwàá 1947, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá ti Dakar, Conakry àti Abidjan da iṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé kí òfin iṣẹ́ kan náà de dúdú àti funfun.

Ìjà tòní yàtọ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 2016, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ RMT bá ilé iṣẹ́ Southern fà á, torí wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ ìlẹ̀kùn lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ ọkọ̀, kí awakọ̀ nìkan máa ṣe é.

Bí ìjọba bá fẹ́ jí ojú irin tiwa, ẹ jẹ́ ká tètè sọ̀rọ̀. Bí ọkọ̀ bá kú sínú igbó lóru, ta ni yóò tọ́jú aláboyún? Ta ni yóò bá ìyá oníṣu sọ ẹrù kalẹ̀? Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Kí àwọn ìjòyè pe àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ jókòó, ká jọ kọ̀wé sí mẹ́ẹ̀rì: ẹ̀ṣọ́ gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀.