Béèsì Tó Nípọn: Pẹ́dàlì Wo Ló Yẹ Ká Rà?

Ọ̀rọ̀ tiwa lóṣù yìí dá lórí gìtá béèsì.

Ní Ṣàngó-Ọ̀tà, títí dé ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, ìjọ kò jìnnà síra wọn. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, kíbọ́ọ̀dù kan, ìlù àti béèsì ló ń gbé orin ró. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀dọ́ wa fi ń wá pẹ́dàlì, ohun tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀, tí yóò mú ohùn béèsì nípọn. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé owó ọrẹ opó àti ti òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ni a ó fi rà á.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ yẹ okùn gìtá wò. Okùn tó ti gbó kì í dún kedere, pẹ́dàlì kò sì lè jí i.

Èkíní ni compressor. Ó ń tẹ ohùn tó ga jù wálẹ̀, ó sì ń gbé èyí tó rọ̀ sókè, kí gbogbo rẹ̀ lè dọ́gba. Bí owó bá mọ sí ẹyọ kan, òun ni kí ẹ rà.

Èkejì ni octave, irú bíi Boss OC-2 tó jáde ní 1982. Ó ń fi ohùn ìsàlẹ̀ kún ohùn tí ẹ ta. Ẹ má ta ju ohùn kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà, kó má baà dàrú. Okùn tó nípọn jù lára béèsì ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí octave bá sọ ọ́ di nǹkan bí 20, etí ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ mọ́, ó sì lè ba sípíkà kékeré jẹ́. Nítorí náà, orí okùn òkè ni kí ẹ ti lò ó.

Ẹ̀kẹta ni distortion. Ó ń mú ohùn ha, ṣùgbọ́n ó lè jẹ ìsàlẹ̀ béèsì run. Ẹ ra èyí tó ní bọ́tìnì tí a fi ń da ohùn gìtá gan-an pọ̀ mọ́ ọn. Boss ODB-3 ní i. Compressor ni kó ṣíwájú, octave tẹ̀lé e, kí distortion wá kẹ́yìn.

Ẹ yẹ iná wò pẹ̀lú. Fóòtì 9 ni ọ̀pọ̀ pẹ́dàlì ń lò, ṣùgbọ́n ibi tí kò sí àti ibi tó sí lórí adapter kì í ṣe bákan náà. Èyí tí kò bá a mu lè jó o.

Lákòótán, ẹ wo ilé ìjọsìn yín. Faith Tabernacle ní Canaanland, tí a yà sọ́tọ̀ ní September 1999, ní àga 50,400. Gbọ̀ngàn kékeré onípáànù kò rí bẹ́ẹ̀: ohùn ìsàlẹ̀ a kó jọ ní igun rẹ̀, a sì bo gángan àti ọ̀rọ̀ orin mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ ìdánrawò, kí ẹnìkan dúró lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Bí kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ orin, ẹ dín béèsì kù. Béèsì tó nípọn dára, ṣùgbọ́n kí ìjọ gbọ́ ohun tí à ń kọ ló ṣe pàtàkì jù.

Olúwa yóò fún yín ní ọgbọ́n.