Èéfín Sìgá Ẹlòmíràn àti Àtọ̀gbẹ

Ọ̀dọ́ ọmọ ọdún 18 sí 30 ni àwọn dókítà Amẹ́ríkà kó jọ fún ìwádìí CARDIA tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1985. Ọdún 15 ni wọ́n fi ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ àwọn tó lé ní 4,500 nínú wọn.

Àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2006. Nínú 100 amusìgá, 22 ni ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti kọjá ààlà; 12 péré ni láàárín àwọn tí kò mu ún rí, tí èéfín rẹ̀ kò sì kàn. Láàárín àwọn tó ti mu ún rí kí wọ́n tó jáwọ́, 14 ni. Àwọn tí kò fẹnu kan sìgá rí, àmọ́ tí wọ́n ń fa èéfín ẹlòmíràn símú ńkọ́? 17 ni! Wọ́n tún wá jìyà ju ẹni tó mu ún tó sì jáwọ́ lọ.

Kì í ṣe àwàdà. Èéfín tó ń rú láti ẹnu iná sìgá kì í jóná tán bí èyí tí amusìgá ń fà sínú, nítorí náà àwọn májèlé kan pọ̀ nínú rẹ̀ jù.

Òfin Nàìjíríà ọdún 2015 ka mímu sìgá léèwọ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi térò ń wọ́ sí. Ó ku ẹni tó bìkítà nílé ọtí. Òfin kò sì lè wọ yàrá oníyàrá. Baálé ilé ló yẹ kó gbé sìgá rẹ̀ bọ́ síta, ṣíṣí fèrèsé kò tó. Dókítà tó ń béèrè bóyá àtọ̀gbẹ wà nínú ìdílé aláìsàn, ó yẹ kó béèrè ẹni tó ń mu sìgá nílé náà.