Ìmọ̀ kan kò lè bá gbogbo ilé mu

Ọmọ ìka kò dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé àwọn àgbẹ̀ Odomẹta ní ilẹ̀ Kétu. Baálé wà tí ó ní ilẹ̀ púpọ̀ àti àwọn ọmọkùnrin tí yóò ro ó. Opó sì wà tí ó ń dáko lórí ilẹ̀ àyálò láìní olùrànlọ́wọ́. Òjò kan náà ni ó ń rọ̀ fún àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn kan náà kọ́ ni ó yẹ wọ́n.

Láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn ti ń polongo mùkúnà ní gúúsù Benin. Ìbátan wèrèpè ni, ṣùgbọ́n kì í yún ni lára. Bí wọ́n bá gbìn ín sáàárín àgbàdo, yóò bo ilẹ̀, yóò pa èèkan, yóò sì sọ ilẹ̀ tí ó ti ṣá di ọlọ́ràá. Òótọ́ ni. Àmọ́ òun ni yóò gba ilẹ̀ náà ní àkókò òjò kejì, èso rẹ̀ kò sì ṣeé sè jẹ bí ẹ̀wà. Baálé lè fara da á. Kí ni opó yóò fún àwọn ọmọ jẹ? Bí ilẹ̀ bá sì sàn tán, onílẹ̀ lè gbà á padà. Òtìlí lè yẹ ẹ́ jù: àárín àgbàdo ni ó ń hù, ó ń tún ilẹ̀ ṣe, ó sì ń wọ inú ìkòkò.

Nítorí náà, kò tọ́ láti pe àgbẹ̀ tí ó kọ ìmọ̀ tuntun ní olóríkunkun. Kí olùkọ́ àgbẹ̀ tó sọ àpò irúgbìn kalẹ̀, kí ó kọ́kọ́ béèrè: ta ni ó ni ilẹ̀? Ọwọ́ mélòó ni ó wà nílé? Kí ni wọn yóò jẹ títí di ìkórè? Ìdáhùn wọn ni kí ó fi yan irúgbìn.